Ìwé Ẹ̀ka Kan Ni Ẹlẹ́rìí Ẹ̀ka Kejì: Bí Iṣẹ́ Ṣe Ń Lọ Nínú Ilé Ìtura

Bí ènìyàn bá gba òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó kọjá Arépò àti Mágbòrò, tó dé Ìbàfò, tó sì tẹ̀ síwájú dé Mówè, kò ní í ka pátákó ilé ìtura tán. Bákan náà ló rí ní Ìfọ̀, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Àwọn ilé wọ̀nyí kò ṣàdédé hù síbẹ̀. Láti ọdún 1978 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ náà ni èrò ti ń pọ̀ sí i lórí rẹ̀. Nígbà tí àtúnṣe rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sọ ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò di ẹni tó ń wá ibi tí yóò sùn mọ́jú. Àwọn mìíràn ń bọ̀ wá jọ́sìn ní Redemption Camp, ilẹ̀ tí ìjọ Redeemed rà ní ọdún 1983, pàápàá ní Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù tí wọ́n máa ń ṣe ìsìn òru. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n wá wò. Ní ti Ìfọ̀, ojú irin àti ọ̀nà ọkọ̀ ti mú èrò wá síbẹ̀ láti ayé Òyìnbó, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1960 kò sì jìnnà sí i. Awakọ̀ tírélà, oníṣòwò, òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán níṣẹ́, àti ẹbí tó wá sin òkú àgbà ló ń gba yàrá níbẹ̀.

Ojú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fi ń wo ilé tí wọ́n wọ̀ sí. Bí omi kò bá yọ, tàbí tí ọbẹ̀ bá kan, orúkọ ilé náà ló bà jẹ́, wọn kì í béèrè pé ẹ̀ka wo ló jẹ̀bi. Nínú ilé ọ̀hún gan-an, ẹ̀ka bíi méje ló ń ṣiṣẹ́: ibi ìgbàlejò, ìtọ́jú yàrá, ilé ìdáná àti báà, sítọ́ọ̀, àtúnṣe, ààbò, àti owó. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mú lọ nínú àlàyé yìí ni pé okùn tó so àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí pọ̀ ni ìwé tí wọ́n ń kọ. Ohun tí ẹ̀ka kan kọ sílẹ̀ ló ń jẹ́rìí sí ohun tí ẹ̀ka kejì ṣe. Níbi tí ẹ̀rí yẹn bá ti já ni àlejò ti ń jìyà, ibẹ̀ náà ni owó ti ń jò.

Ibi ìgbàlejò

Ibẹ̀ ni àlejò ń gbà wọlé, ibẹ̀ ló sì ń gbà jáde. Nílẹ̀ wa, ìkíni ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀: “Ẹ káàbọ̀ sà, ẹ kú ìrìn,” kí ọ̀rọ̀ owó tó wọlé. Àgbàlagbà tó ti jókòó fún wákàtí mẹ́ta nínú mọ́tò láti Bẹ́gà ní Èkó kò fẹ́ kí ọmọdé máa tẹ fóònù dá òun lóhùn. Lẹ́yìn ìkíni, ó kan ìwé. Orúkọ àlejò, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀, àkókò tó wọlé, ọjọ́ tí yóò lọ, àti iye tó san gbọ́dọ̀ wọ ìwé kí kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sí i lọ́wọ́.

Àwọn kan máa ń bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ ká rántí oṣù Kejì ọdún 2020. Ẹni àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà, ará Ítálì kan, Èkó ló gbà wọlé tó fi lọ sí Ewékorò, àwọn elétò ìlera sì ní láti wá gbogbo ẹni tó bá pàdé kàn. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ilé tí ìwé rẹ̀ pé yóò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ilé tó ń fi orúkọ àdápè kún ojú ìwé kò ní rí nǹkan kan fi ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí ìjàǹbá iná bá sì ṣẹlẹ̀ lóru, ìwé yẹn náà ni a ó fi mọ iye ẹni tó yẹ kí ó ti jáde síta.

Iṣẹ́ kejì ibi ìgbàlejò ni kí ó mọ ipò tí yàrá kọ̀ọ̀kan wà. Ipò mẹ́rin ló wà: yàrá tó ṣófo tó sì mọ́; èyí tó ṣófo tí a kò tíì tún ṣe; èyí tí àlejò wà nínú rẹ̀; àti èyí tó ní àléébù tí a kò gbọdọ̀ tà. Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì kò lè fi ojú ara rẹ̀ rí gbogbo èyí. Ẹ̀ka ìtọ́jú yàrá ló ń sọ fún un, yálà lórí pátákó, nínú ìwé, tàbí lórí kọ̀ǹpútà. Níbi tó bá jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ọjọ́ kan ni wọn yóò ṣílẹ̀kùn fún tọkọtaya tó ti rẹ̀, tí wọn yóò bá ẹlòmíràn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìtìjú ọjọ́ náà kì í tán bọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé ìtura ló ń ní kí àlejò jáde ní agogo méjìlá ọ̀sán, kí ẹni tuntun sì wọlé láti agogo méjì. Wákàtí méjì àárín wọn ni ẹ̀ka ìtọ́jú yàrá fi ń tún ilé ṣe. Ní Mówè, ìlànà yìí máa ń forí gbárí pẹ̀lú Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù. Ẹni tó ṣọ́ òru mọ́jú ní Camp, àfẹ̀mọ́jú ló ń padà sí yàrá, oorun ló sì wà lójú rẹ̀ nígbà tí agogo méjìlá bá lù. Bí wọ́n bá lọ kan ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí, ìjà dé. Bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀, ẹni tó ti sanwó fún yàrá náà láti Èkó yóò dúró títí. Ilé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń bi àlejò léèrè nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì kan náà pé ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ jáde, yóò sọ iye tí àfikún wákàtí jẹ́, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tún yàrá ṣe kí wọ́n lè pín ara wọn sí òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́.

Ìtọ́jú yàrá àti ìfọṣọ

Iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ń fojú kéré jù, òun sì ni a ń tà gan-an. Àlejò kò ra nǹkan mìíràn ju ibi tó mọ́ tí yóò sùn sí. Òṣìṣẹ́ tó dáńgájíá lè tún yàrá bíi méjìlá sí mẹ́rìndínlógún ṣe láàárín wákàtí mẹ́jọ, bí ó bá ní ètò. Ètò náà kò le. Yóò kan ilẹ̀kùn, yóò sọ ẹni tó jẹ́, yóò dúró díẹ̀ kó tó wọlé. Yóò ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn wọlé. Yóò wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú dúrọ́ọ̀ àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bóyá àlejò gbàgbé nǹkan. Yóò ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti táwẹ̀lì kúrò. Láti òkè ni yóò ti nu eruku wá sí ìsàlẹ̀, nítorí eruku òkè ni yóò já bọ́ sórí ibi tí a ti nù. Yóò tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, yóò fọ ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ilẹ̀ ni yóò sì nù kẹ́yìn bó ṣe ń fẹ̀yìn rìn jáde.

Ohun méjì kò gbọdọ̀ yẹ̀ níbẹ̀. Èkínní, aṣọ tí a fi nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ife omi àlejò láéláé. Ìdí nìyí tí àwọn ilé tó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń lo aṣọ aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pupa fún ìgbọ̀nsẹ̀, àwọ̀ mìíràn fún tábìlì àti ife. Èkejì, a kò gbọdọ̀ da jíìkì pọ̀ mọ́ oògùn ìfọ̀gbọ̀nsẹ̀ tó ní ásíìdì nínú. Afẹ́fẹ́ kílórínì ló ń jáde láti inú àdàpọ̀ náà, ó ń jó ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, nínú ilé ìwẹ̀ kótópó tí kò ní fèrèsé ó sì lè pa ènìyàn. Ó yẹ kí ọ̀gá sọ èyí fún gbogbo ọmọ tó bá gbà síṣẹ́ kí ó tó fún un ní ìgbálẹ̀.

Ní ti aṣọ, ìlànà iṣẹ́ yìí ni ìpín mẹ́ta fún bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan wà níbi ìfọṣọ, ọ̀kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ilé oníyàrá 20 nílò ìpín 60. Ẹni tó bá ra 30 láti fi dín owó kù, nígbà òjò tí aṣọ kò gbẹ ni yóò mọ̀ pé òun kò ra nǹkan tó pọ̀ tó. Yóò di kí wọ́n máa tẹ́ aṣọ tútù, tàbí kí wọ́n yí aṣọ tí ẹnì kan ti sùn lé padà fún ẹlòmíràn.

Aṣọ yìí náà ni ẹlẹ́rìí tí ọ̀pọ̀ onílé kò mọ̀ pé àwọn ní. Ní àdúgbò wa, àwọn kan máa ń gba yàrá fún wákàtí díẹ̀ ní ọ̀sán, kí a sì tún yàrá kan náà tà fún ẹni tí yóò sùn. Owó irú yàrá ọ̀sán yìí ló rọrùn jù láti fi sápò láìkọ rìsíìtì. Ṣùgbọ́n aṣọ kò lè purọ́. Bí ìwé ìgbàlejò bá sọ pé yàrá mọ́kànlá la tà lánàá, tí ẹ̀ka ìfọṣọ sì gba aṣọ yàrá mẹ́rìnlá, ẹnì kan ní láti ṣàlàyé mẹ́ta tó lé. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹni tó ń gba owó yàrá jẹ́ ẹni tó ń ka aṣọ ìdọ̀tí.

Sítọ́ọ̀, ilé ìdáná àti báà

Bí àwọn ilé ìdáná ńlá ṣe ń pín iṣẹ́ lónìí, ọ̀dọ̀ ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Auguste Escoffier ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Ó ti dáná fún àwọn ọmọ ogun nínú ogun tí Faransé bá Prussia jà ní ọdún 1870. Nígbà tó dé ilé ìtura Savoy ní London ní ọdún 1890, níbi tí César Ritz ti jẹ́ mánẹ́jà, ètò ológun ló mú wọ ilé ìdáná: ẹnì kan fún ọbẹ̀, ẹnì kan fún ẹran sísun, ẹnì kan fún ẹ̀fọ́, olórí kan tó ń wo gbogbo àwo kí ó tó jáde. Àwọn ìyá wa tó ń sè níbi ìnáwó kò ní í bá a jiyàn, nítorí ẹni tó wà nídìí ọbẹ̀ kì í dá sí ìkòkò àmàlà.

Ní Mówè, ilé ìdáná sún mọ́ Ọ̀fàdà, ìlú tí ìrẹsì olóòórùn náà ti gba orúkọ. Àlejò tó wá láti òkèèrè máa ń béèrè fún un, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tútù àti ẹran oríṣiríṣi nínú ewé. Ìrẹsì kan náà ló yẹ ká ṣọ́ra fún jù. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus, hóró líle rẹ̀ kì í kú nínú omi híhó. Bí ìrẹsì tí a sè bá wà níta fún ọ̀pọ̀ wákàtí, hóró náà yóò hù, kòkòrò náà yóò sì tu oró sínú ìrẹsì, oró ọ̀hún kì í sì í lọ bí a bá tún un gbé kaná. Ìrẹsì tó bá ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ tutù kíákíá, kí ó sì wọ fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé. Bí kò bá wọ̀ ọ́, kí a dà á nù. Ìlànà gbogbo oúnjẹ sísè ni pé kí èyí tó gbóná wà lókè 60°C, kí èyí tó tutù sì wà nísàlẹ̀ 5°C.

Sítọ́ọ̀ ló ń bọ́ ilé ìdáná. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde. Alásè kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ìrẹsì nínú àpò. Ìwé ni yóò kọ, ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ yóò wọ̀n ọ́n fún un, àwọn méjèèjì yóò sì fọwọ́ sí i. Bákan náà, agbáwo tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àlejò yóò kọ ọ́ sí ìwé tó ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan lọ sí ilé ìdáná, ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gbowó, ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ilé ìdáná kò ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ: kò sí ìwé, kò sí oúnjẹ.

Báà ló rọrùn jù láti yẹ̀ wò, nítorí ìgò ṣeé kà. Bí ìgò bíà 48 bá wà lárọ̀ọ́, tí sítọ́ọ̀ kó 24 sí i, tí 30 sì kù nígbà tí wọ́n ń ti báà, 42 ni a tà. Owó ìgò 42 ló gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, yálà lówó, ní P.O.S. tàbí nínú tíránsífà. Ẹni tó ń tà kọ́ ni yóò kà á, ẹlòmíràn ni.

Àtúnṣe àti ààbò

Wọ́n ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ẹ̀yìn ilé, níbi tí jẹnẹrétọ̀ àti kànga ẹlẹ́rọ wà, ni gbèsè ilé ìtura wa pọ̀ sí. Iná ìjọba kì í dúró, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ẹrù epo ti wúwo sí i. Ẹ̀ka àtúnṣe gbọ́dọ̀ ní ìwé jẹnẹrétọ̀: ìgbà tí wọ́n tàn án, ìgbà tí wọ́n pa á, iye lítà tí wọ́n rọ. Ibi ìgbàlejò sì gbọ́dọ̀ sọ fún wọn láti ìrọ̀lẹ́ pé yàrá mélòó ni èèyàn wà nínú rẹ̀, kí wọ́n má baà tan èyí tó tóbi fún àlejò mẹ́ta. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ jókòó sí kọjá ọ̀rọ̀ owó. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ carbon monoxide nínú, afẹ́fẹ́ tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀, tó ń pa ènìyàn lójú oorun. Kò gbọdọ̀ sí jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ fèrèsé yàrá kankan, ì báà jẹ́ fún wákàtí kan.

Àwọn tó ń tún yàrá ṣe ló ń kọ́kọ́ rí ohun tó bàjẹ́: ẹ̀rọ omi tó ń kán, ẹ̀rọ amúlétutù tó ń da omi, ihò tí ẹ̀fọn ń gbà wọlé lójú nẹ́ẹ̀tì. Wọn yóò kọ ọ́, ẹ̀ka àtúnṣe yóò fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á, ibi ìgbàlejò kò sì gbọdọ̀ ta yàrá náà títí ìwé yóò fi padà pé ó ti dára.

Ní ti ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, ìwé tirẹ̀ ni nọ́ńbà ọkọ̀ àti àkókò tí wọ́n wọlé tí wọ́n jáde. Bí ọkọ̀ mẹ́sàn-án bá sùn nínú ọgbà, tí ìwé ìgbàlejò sì ní nọ́ńbà ọkọ̀ méje péré, ìbéèrè ti wà nílẹ̀. Ohun tí àlejò bá gbàgbé ní yàrá, ẹni tó rí i yóò fà á lé ibi ìgbàlejò lọ́wọ́, ẹ̀ṣọ́ yóò jẹ́rìí sí i, wọn yóò kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà yàrá. Ilé tó dá fóònù àlejò padà fún un kò ní láti ra ìpolówó lọ́dún náà.

Iṣẹ́ òru

Nígbà tí báà bá ti dákẹ́, tí ilé sì ti rọ̀, ni ẹnì kan nínú ẹ̀ka owó ń jókòó láti pa gbogbo ìwé wọ̀nyí pọ̀. Yóò fi ìwé ìgbàlejò wé ìwé aṣọ, yóò fi ìwé agbáwo wé ti ilé ìdáná, yóò wo ìgò, yóò wo nọ́ńbà ọkọ̀, yóò sì wo bóyá gbogbo tíránsífà tí wọ́n kọ sílẹ̀ ti wọ àkáǹtì ní tòótọ́, nítorí àlejò lè fi ìkéde owó tí kò wọlé han òṣìṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìwé ọjọ́ àná ti pa dé, àṣìṣe tó bá sì wà ṣì tutù lọ́kàn ẹni tó ṣe é. Bí wọ́n bá fi í di ìparí oṣù, kò sí ẹni tí yóò rántí.

Ilé kékeré ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ilé ìtura Mówè, Ìbàfò àti Ìfọ̀ kò ní ju yàrá mẹ́wàá sí ogún lọ. Onílé yóò sọ pé òun kò lè gba ènìyàn méje fún ẹ̀ka méje. Òótọ́ ni, kò sì pọn dandan. Ẹni tó ń tún yàrá ṣe lè fọṣọ. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ lè ta ọtí. Ẹni ibi ìgbàlejò lè máa dáhùn fóònù, kí ó sì máa kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ kí a fi yàrá pamọ́ fún wọn. Ìdílé onílé náà lè pín àwọn ìwé kan láàárín ara wọn.

Ṣùgbọ́n níbi mẹ́rin, iṣẹ́ méjì kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, bó ti wù kí ilé kéré tó. Ẹni tó ń gba owó kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò. Ẹni tó lọ ra ọjà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gbà á wọ sítọ́ọ̀. Ẹni tó fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná lọ́jọ́ kan náà láti fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹ̀ṣọ́ òru kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀, nítorí nígbà tó bá ń fa okùn rẹ̀ lẹ́yìn ilé, géètì ló ṣí sílẹ̀ yẹn.

Mo bẹ ẹ̀yin onílé ìtura àdúgbò wa: kí ẹ tó kun ilé lọ́dà tuntun, kí ẹ tó ra tẹlifíṣọ̀n ńlá sí i, ẹ ra ìwé méje, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ní kí wọ́n máa kọ ọ́ lójoojúmọ́. Ẹ san owó oṣù àwọn tó ń tún yàrá ṣe bó ṣe yẹ, nítorí ọwọ́ wọn ni ọjà yín wà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ àwọn tí kò rí iṣẹ́ gidi ṣe nìyí. Ẹ̀kọ́ wà fún un. Federal Polytechnic tó wà ní Ìlaró, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níhìn-ín, ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá mọ bí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ṣe ń jẹ́rìí fún èkejì lè bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìgbálẹ̀ kí ó sì di mánẹ́jà, nítorí ilé tí ìwé rẹ̀ bá ara mu ni àlejò ń padà sí.